Àlejò Tó Fẹ́ Mọ Nàìjíríà, Kó Bẹ̀rẹ̀ Láti Olówógbowó

Ohun tí ìwé àwọn arìnrìn-àjò máa ń kọ nípa Nàìjíríà kì í yàtọ̀ síra. Wọ́n á ní òun ló lérò jù nínú gbogbo orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú, pé èèyàn inú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 200, pé ìpínlẹ̀ 36 ló wà níbẹ̀, pé èdè tí wọ́n ń sọ lé ní 500. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ka èyí tán kò tíì mọ bí orílẹ̀-èdè náà ṣe dé ibi tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó fi etíkun Lẹ́kí sílẹ̀ dọ̀la. Kó wá sí erékùṣù Èkó, kó bọ́ sílẹ̀ ní Àpọ́ngbọ̀n níbi tí afárá Èkó ti sọ̀ kalẹ̀, kó wọ Olówógbowó, kó sì fẹsẹ̀ rìn títí dé Ìga Ìdúngànran ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìrìn náà kò tó kìlómítà méjì. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú ti padà wá bá àwọn tí kò kúrò nílé rí, àárín àwọn méjèèjì sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ Nàìjíríà mọ́ lónìí ti jáde: ilé ìwé girama, ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ òṣèlú, òfin ilẹ̀, àní orin jùjú pàápàá.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro mọ́. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 wá sí Marina, ìrìn kìlómítà 13 tó ń gba orí ọ̀sà kọjá. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á rí gbogbo ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkọ̀ ojú irin máa wọ ibẹ̀. Rélùwéè láti Ìdó dé Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1901, ọdún yẹn náà ni wọ́n parí afárá Carter, nígbà tó sì di 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gba orí afárá yẹn wọ inú Èkó.

Àpọ́ngbọ̀n fúnra rẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń dúró wò. Lónìí, ariwo dánfó ló gba ibẹ̀ kan, pẹ̀lú àwọn oníke, àwọn oníkòkò, àti àwọn alábàárù tó ń ké “ẹ yà o, ẹ yà lọ́nà” pẹ̀lú ẹrù tó ga ju àwọn fúnra wọn lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, iná jó àwọn ìsọ̀ tó wà lábẹ́ afárá Èkó débi pé ìjọba ní láti ti ojú ọ̀nà fún àtúnṣe. Orúkọ àdúgbò náà sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí afárá tó dé. William McCoskry, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, ni àwọn ará Èkó sọ ní Àpọ́ngbọ̀n, tí orúkọ náà sì mọ́ àdúgbò lára. Òun ló ń ṣe adelé fún aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó débẹ̀. Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ ń du oyè ọba Èkó. Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò ní ọdún 1845. Nígbà tí Akítóyè dé Badagry, ó ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ní bí wọ́n bá dá òun padà sílé, òun á fòpin sí òwò ẹrú. Wọ́n kọ́kọ́ gbógun dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní ìparí oṣù Kejìlá, pẹ̀lú ìbọn ńlá tó jó ilé tó pọ̀ nínú ìlú. Ogun Àgídìngbì ni àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ń pe ogun yẹn títí dòní, nítorí bí ìró ìbọn náà ṣe ń dún. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Akítóyè padà sórí ìtẹ́, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé kò sí òwò ẹrú mọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852.

Kò pẹ́ tí Akítóyè fi wàjà, ní ọdún 1853. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ló jọba, orí rẹ̀ ni gbèsè ìrànlọ́wọ́ yẹn já lé. Ní ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àfi kó fi ìlú lé àwọn lọ́wọ́. Dòsùnmú kọ̀, àwọn olóyè rẹ̀ náà kọ̀. Ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lójú ọ̀sà, wọ́n jẹ́ kó yé ọba pé ìbọn tó sọ̀rọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tún lè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ó tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 300 ọmọ ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá sì kọ orin ìyìn ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún ni wọ́n wá ń san fún ọba. Nàìjíríà kò tíì lórúkọ lọ́jọ́ náà. Ọdún 1897 ni Flora Shaw dá orúkọ yẹn lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times, ọdún 1914 sì ni wọ́n tó so gúúsù àti àríwá pọ̀. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọmọ ilé ìwé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1861? Olówógbowó ló ní ìdáhùn.

Lásìkò tí ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, àìmọye èèyàn ni wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n kì sínú ọkọ̀ ní etí òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan nínú wọn sílẹ̀ lójú agbami, wọ́n sì já wọn sí Freetown, ní Sierra Leone. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀pọ̀ di Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn mìíràn di Mùsùlùmí mú. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé. Bí wọ́n ṣe padà wá gan-an ló yẹ kí gbogbo àlejò gbọ́: wọ́n dá owó jọ, wọ́n lọ sí ibi tí ìjọba ti ń lu ọkọ̀ akẹ́rú tí wọ́n gbà ní gbàǹjo, wọ́n rà á, wọ́n sì fi í wá ilé. Irú ọkọ̀ tí wọ́n fi kó wọn lọ ni wọ́n sanwó lé, tí wọ́n wà padà. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Sàró.

Badagry ni púpọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, torí pé ní Èkó ayé Kòsọ́kọ́, kò dájú pé ẹrù wọn á bá wọn délé. Lẹ́yìn ọdún 1851 ni wọ́n wá rọ́ wọ Èkó. Ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà ni wọ́n fún wọn, Olówógbowó nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ omi, níbi tí ẹrù ti rọrùn láti já. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́: ìsọ̀ nísàlẹ̀, iyàrá lókè. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fìdí múlẹ̀ láàárín wọn, Wesley Cathedral Olówógbowó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣeré rárá. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ló di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, ni ìyàwó Thomas Babington Macaulay, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1859. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé girama àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà nìyẹn, inú erékùṣù Èkó ló sì wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kó lọ sí Bàrígà ní ọdún 1959. Fún ìwé àti ohun èlò tí wọ́n kọ́kọ́ rà, £50 jáde láti àpò oníṣòwò kan tó ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies.

Ìtàn Davies yìí gba kéèyàn dúró díẹ̀. Sàró ni, ọ̀gá atukọ̀ ni, olówó sì ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ó gbé ìyàwó ní Brighton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó náà ni Aina, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n ti kó o nígbà tó wà ní ọmọdé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey jó ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1850, Ọba Gẹ́zò fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi, lọ́rẹ, ìyẹn sì mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria, tó gba ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀. Nígbà tí Aina bí ọmọbìnrin, Victoria ló sọ ọ́, ọbabìnrin sì ni ìyá ìsàmì ọmọ náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Aina ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880.

Nígbà tí òwò Davies dẹnu kọlẹ̀, oko ló gbà lọ. Ó gbin kòkó sí Ìjọ̀n, ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, ó sì ri òpó òkúta gíga kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní ìrántí ìyàwó rẹ̀. Oko yẹn wà lára àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ní apá ibí. Láti ibẹ̀ ni àwọn Sàró àti àwọn ọmọ ìjọ wọn ti mú un dé Agége. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn tó kúrò ní ìjọ St. Paul's Breadfruit ní ọdún 1901 láti dá ìjọ African Church sílẹ̀, di àgbà àgbẹ̀ kòkó níbẹ̀. Àwọn lébìrà tó wá láti òkè ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, wọ́n ń kó irúgbìn lọ sílé. Nígbà tó fi máa di àádọ́ta ọdún sí i, owó kòkó ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Àlejò tó bá dé Ìbàdàn tó rí Cocoa House tí wọ́n parí ní ọdún 1965, tó sì ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ, kó rántí pé ẹsẹ̀ àwọn Sàró Èkó wà nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìgbésí ayé òyìnbó nìkan làwọn èèyàn yìí ń gbé. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wọ kóòtù nínú oòrùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Williams, Davies, Johnson. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 1880 lọ, nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n dànù nínú iṣẹ́ ìjọba àti nínú ìjọ, ọ̀pọ̀ wọn yí padà. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Àgbébí. Dókítà Alexander Johnson Williams, tí wọ́n bí sí Freetown, di Ògúntọlá Sàpárà. Sàpárà yìí ló wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn, ó sì jẹ́ kí ìjọba mọ ohun tó rí. Kò yani lẹ́nu pé dókítà Èkó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu bẹ́ẹ̀: Ṣọ̀pọ̀ná ló pa Thomas Babington Macaulay, olùdásílẹ̀ ilé ìwé girama yẹn, ní ọdún 1878.

Láti Olówógbowó, kí àlejò gba ọ̀nà ọjà Balógun, kó yà sí òpópó Martins. Ibẹ̀ ni Mọ́sálásí Shitta-Bey wà. Ẹ jẹ́ ká rọra wò ó. Bí èèyàn bá gbójú sókè, á rí ère òdòdó àti ewé tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ sára ògiri, àwọn fèrèsé tí orí wọn tẹ̀, àti àwọn góńgó kéékèèké lókè òrùlé, irú èyí tó wà lára ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bahia. Ìdí kò jìnnà. Àgùdà ló kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà nínú àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá, ló darí iṣẹ́, pẹ̀lú Sanusi Aka. Owó ẹni tó sì kọ́ ọ, Sàró ni: Mohammed Shitta, ọmọ tí wọ́n bí sí Waterloo ní Sierra Leone, tó fi òwò obì àti awọ là. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Edward Blyden wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì wá láti Liverpool ní orúkọ Sùlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì. Ọjọ́ yẹn ni Shitta gba oyè Bey. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló kú. Láti ọdún 2013 ni mọ́sálásí náà ti wà lára ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò.

Ó ṣòro láti rí ilé kan ṣoṣo mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí Freetown, Bahia, Istanbul, Liverpool àti Èkó ti pàdé báyìí. Ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé tó wà ní Èkó ti wọ ibẹ̀ rí.

Kí ẹsẹ̀ tó kúrò ní Balógun, kí àlejò bi ara rẹ̀ pé irú ọjà wo nìyí. Àǹkárá, lẹ́ẹ̀sì, bàtà, wúrà, ohun ìṣeré ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló wà. Ọkọ̀ tó ń já ẹrù sí Àpápá ni ó ń bọ́ ọ. Àwọn oníbàárà láti Cotonou, Lomé àti Accra pàápàá ń wá ra ọjà níbẹ̀. Ní Ìdúmọ̀tà tó wà níwájú, láti ọdún 1990 síwájú, ni àwọn oníṣòwò fídíò ti ń ta fíìmù ọlọ́rọ̀ Yorùbá àti ti Igbo, tí Nollywood fi dìde lórí tábìlì àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Ìlú tó kọ́kọ́ wo sinimá ní ilẹ̀ yìí náà ni: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, Glover Memorial Hall ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn han àwọn èèyàn.

Ìsàlẹ̀ Èkó yàtọ̀. Ibí ni àwọn tí kò kúrò nílé wà. Ọ̀nà há sí i, ilé fara ti ilé, ìkíni sì gùn sí i; àlejò tó bá kọjá níwájú àgbà láì kí i, ojú á tẹ̀ lé e. Orí ilẹ̀ oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ Ìga Ìdúngànran sí, ààfin ọba Èkó. Nígbà ayé Ọba Akínsẹ́mọ́yìn, àwọn Potogí tó ń bá a ṣòwò ló fi alẹ́mọ́lẹ̀ láti ilẹ̀ wọn bá a tún un ṣe. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira, ni wọ́n ṣí apá tuntun rẹ̀. Ibùgbé ọba ni o, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé tàbí ya fọ́tò, kó gbàyè lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ọba ló ni ilẹ̀. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tó ń dé fìlà funfun, àwọn ni onílẹ̀. Olúwa ni ọ̀kan nínú wọn, òun ló sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní kì í ṣe onílẹ̀, pé owó ìṣákọ́lẹ̀ tó ń gbà nìkan ni àwọn máa san padà. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kọ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí London ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Macaulay yìí, ọmọ Thomas Babington àti Abigail ni, ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther. Ọmọ Sàró tó kẹ́kọ̀ọ́ wíwọn ilẹ̀ ní Plymouth wá di akọ̀wé àti olùgbèjà olóyè tí kò kúrò ní Èkó rí. Ní ọdún 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá Olúwa láre: ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, ẹni tó bá sì gbà á, kó san iye rẹ̀ ní kíkún. £22,500 ni ìjọba san. Títí di òní ni àwọn lọ́yà láti Ghana títí dé Canada ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílùú bá délẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ kò dùn fún ọba. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Eléko ni Olúwa gbé dání ní London, ọ̀rọ̀ tí Macaulay sì ń sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba Èkó bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Eléko rán agogo yí ìlú ká, kó sọ pé òun kò mọ̀ sí i. Eléko kọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àwọn ará Èkó fi ń ná owó sí ẹjọ́ rẹ̀, títí tó tún fi dé Privy Council. Ó padà wálé ní ọdún 1931, ìlú sì ń yọ̀ bí ẹni pé ọdún dé. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára owó náírà kan nígbà kan rí.

Ibi tó kù tí àlejò kò gbọ́dọ̀ fò ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1862, Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀ tó wá láti ilẹ̀ Nupe, ló tẹ ibẹ̀ dó, ó sì pín in sí agbo ilé 21. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí kan náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ, lẹ́yìn tí àwọn ológun fagi lé ìbò tó wọlé ní ọdún tó ṣáájú. Wọ́n mú un láìpẹ́ sí i.

Bí ó bá ṣe pé eégún Ẹ̀yọ̀ bọ́ sí àkókò ìbẹ̀wò, gbogbo ètò yí padà. Kì í ṣe ọdọọdún ló ń jáde. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1854 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ìrántí Akítóyè, láti ìgbà náà sì ni ó ti jẹ́ ọ̀nà tí Èkó fi ń dágbére fún ọba àti èèyàn ńlá. Adímú ló ṣáájú, aláṣọ funfun tó dé àkẹtẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lábà, Oníkò, Ológèdè àti Agẹ̀rẹ̀, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà láti ẹsẹ̀ afárá Carter dé Ìta Tinúbú á di títì pa. Bàtà kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá jáde wò ó, irun ṣùkú kò gbọ́dọ̀ wà lórí obìnrin, sìgá kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó bá ṣàìgbọ́ràn, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, ló máa bá a sọ̀rọ̀. Èèwọ̀ ìlú ni, àlejò kò sì yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Olówógbowó fún Nàìjíríà, tí kò sí nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò rárá. Ní ọdún 1910 ni wọ́n bí Abdulrafiu Babatúndé King sí àdúgbò yìí, sínú ìdílé Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló lọ. Ìdí ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní West Balógun ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń kóra jọ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á ta gìtá, tí wọ́n á mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á lu ìlù tanboríìnì. Wọ́n ń pè wọ́n síbi òkú àti síbi ìkómọ, níbi tí Túndé King ti ń fi ohùn tútù kọ orin tó kún fún òwe. Ní ọdún 1936, Parlophone gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, orúkọ jùjú sì wà lára àwo náà. Ó wọkọ̀ òkun lọ ní ọdún 1939, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà lẹ́yìn odi kó tó padà wálé pátápátá ní ọdún 1954. Nígbà náà, orin tó bẹ̀rẹ̀ nídìí ìsọ̀ mẹkáníìkì ti gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, I.K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ló gbé e dé òkè òkun lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ń dunni pé àlejò kò lè rí gbogbo ohun tí a sọ wọ̀nyí lójúkojú. Ilé tí àwọn Fernandez kọ́ sí Ìta Tinúbú ní ọdún 1855, tí ayé wá mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar, wà lábẹ́ ààbò òfin láti ọdún 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n sin Àjàyí Crowther àti ọ̀pọ̀ àwọn àgbà Sàró sí, ni ìjọba ológun tú ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n wá gbé egungun Crowther lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Marina. Ní Olówógbowó, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Sàró ń pòórá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ilé ìtajà onísímẹ́ǹtì ń rọ́pò wọn. Owó ilẹ̀ ga níbẹ̀, àwọn ìdílé sì pọ̀ tí wọ́n jọ jogún ilé kan, kò sì rọrùn fún wọn láti tún un ṣe. Òfin nìkan kò lè gba ilé là. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ran irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣàtúnṣe, kí wọ́n sì lẹ orúkọ àti ọdún mọ́ ara ilé tó kù. Owó rẹ̀ kò tó ti afárá kékeré kan.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dáa jù láti wo ilé, torí pé ìsọ̀ púpọ̀ ló máa ń tì, ojú á sì rí òkè. Ẹni tó fẹ́ rí ọjà, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kí oòrùn tó mú, kó fi àpò rẹ̀ síwájú, kó sì mú ọmọ àdúgbò dání. Ní ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní Good Friday, kó gba Pópó Àgùdà lọ nígbà tí àwọn ìdílé Àgùdà bá ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń fi ẹja jẹ. Bó bá sì ní ọjọ́ kan sí i, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Badagry, níbi tí àwọn Sàró ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí níbẹ̀ ní ọdún 1845 ṣì dúró. Láti ibẹ̀, kó tẹ̀ síwájú dé Abẹ́òkúta, ìlú tí púpọ̀ nínú wọn ń lọ ní tiwọn, níbi tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1859.